Ẹ Má Fi Lọ́fínńdà Bo Òórùn Ọ̀rinrin Mọ́lẹ̀: Ẹ Wá Ibi Tí Omi Ti Ń Wọlé

Àwọn àgbà ló sọ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yẹn kò tíì di àpatì. Ilé tí a fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ńtì kọ́ lóde òní náà, omi ń ṣe é léṣe, àfi pé kì í wó o lẹ́ẹ̀kan náà. Á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú, bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Ta ni kò mọ òórùn tí à ń wí yìí ní Ìkẹjà, Agége, Ọgbà, Ìjù, Oko-Ọba àti Abúlé-Ẹ̀gbá? Ìyá ti ọjà dé lálẹ́, ó ṣí yàrá tó ti tì pa láti àárọ̀, òórùn kan á kọlù ú nímú, bíi ti aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí kò gbẹ tán tí wọ́n ká pamọ́. Ó ṣí àpótí kó mú aṣọ òkè tí yóò wọ̀ lọ òde, àmì dúdú wínníwínní ti wà lára rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì, ó tutù nini, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ń ṣí bí èèpo.

Kí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe? A ó ra lọ́fínńdà, a ó fín in. A ó jó tùràrí. A ó fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ. Bó bá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó pe ọlọ́dà kó wá kun ògiri nítorí ọdún Iléyá tàbí Kérésì tó ń bọ̀. Kò ní í pẹ́, òórùn náà á padà dé, ọ̀dà á tún ṣí, owó á sì ti wọ omi lọ. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Òórùn yẹn kì í ṣe àrùn, oníṣẹ́ ni. Omi kan tí ẹ kò rí ló rán an wá. Bí ẹ bá lé oníṣẹ́ lọ tí ẹ kò béèrè ẹni tó rán an, yóò tún padà wá ni. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ọ̀dà, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wọlé.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE DÉ ÀDÚGBÒ WA

Láyé àtijọ́, ìlú oko ni Agége. Rélùwéè tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1901, gba ibẹ̀ kọjá, òwò obì àti kòkó sì sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá. Ilé amọ̀ tí àwọn bàbá wa ń gbé nígbà náà, òrùlé rẹ̀ a máa yọ síta dáadáa kí òjò má baà na ògiri.

Ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ní ìparí àwọn ọdún 1950, ni nǹkan yí padà. Ilé-iṣẹ́ ọtí, ti táyà, ti aṣọ àti ti oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Guinness dé, Dunlop náà dé, kó tó di pé òun dá iṣẹ́ táyà ṣíṣe dúró lọ́dún 2008. Àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ wá láti gbogbo ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire àti láti òkèèrè, yàrá ni gbogbo wọn sì ń wá.

Àwọn onílé kò fi àkókò ṣòfò. Ilé tí wọ́n kọ́ ni èyí tí à ń pè ní fésì-mí-àì-fésì-yú: yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín, ilé ìwẹ̀ àti ṣalángá lẹ́yìnkùlé. Fèrèsé kan péré ni ọ̀pọ̀ yàrá náà ní. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé kò rí ibi jáde. Nígbà tí ìlú tún kún sí i, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sórí àkúrọ̀ àti sí etí ojú àgbàrá. Títì náà kò dúró lójú kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da yẹ̀pẹ̀ àti òkúta sójú títì láti tún un ṣe, títì á ga sí i, ilé tó ti wà níbẹ̀ á sì dà bíi pé ó rì. Ẹ wo ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Agége, ńṣe là ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú títì ká tó wọ inú wọn. Ibo ni ẹ rò pé àgbàrá yóò gbà?

Ẹ wá fi ojú ọjọ́ wa kún un. Èkó wà létí òkun àti ọ̀sà. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń pọ̀ débi pé aṣọ tí a sá láàárọ̀ lè má gbẹ títí alẹ́. Oṣù kẹfà ló máa ń le jù. Òjò á dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún gbé e dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá.

KÍ LÓ Ń RÙN GAN-AN?

Ẹ jẹ́ ká fi búrẹ́dì Agége ṣàpẹẹrẹ, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá yọ búrẹ́dì gbígbóná nínú ààrò, tí wọ́n sáré dì í sínú náílọ́ọ̀nù, kí lẹ máa ń rí lára náílọ́ọ̀nù yẹn? Omi ni. Ta ló bu omi sí i? Kò sí. Inú búrẹ́dì ni omi náà ti jáde gẹ́gẹ́ bí ooru. Nígbà tó kan ara náílọ́ọ̀nù tó tutù, ó padà di omi. Tó bá di ọjọ́ kẹta ọjọ́ kẹrin, búrẹ́dì yẹn á bu. Ohun aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó hù sára rẹ̀ yẹn ni ebu.

Irú ebu yẹn náà ló ń hù sára ògiri, sára síìlìn, sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti sínú fóòmù. Hóró rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Kò fẹ́ nǹkan púpọ̀: omi díẹ̀, ohun tí yóò jẹ, bíi pákó, páálí, aṣọ tàbí eruku, àti kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn kì í dé. Afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde bó ṣe ń jẹun ni òórùn tí ẹ ń gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn tí ẹ kò rí ebu, ẹ má sọ pé kò sí. Ó lè wà lẹ́yìn ohun tí ẹ kò tíì sún kúrò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òórùn nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìwé ìlànà jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2009. Wọ́n ní àwọn tó ń gbé inú ilé ọ̀rinrin àti ebu máa ń ní ikọ́, èémí tó ń dún fíìfíì àti ikọ́ fée ju àwọn tó ń gbé inú ilé gbígbẹ lọ. Ọmọdé àti arúgbó ló máa ń hàn lára wọn jù. Ọmọ tí ikọ́ rẹ̀ kì í lọ, tí ẹ ti fún ní oríṣiríṣi àgbo àti oògùn, ẹ yẹ ibi tó ń sùn wò.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ OMI Ń GBÀ

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni omi ń gbà wọ inú ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àmì tirẹ̀.

Èkíní ni láti inú ilẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí símẹ́ńtì rẹ̀ kéré a máa mu omi bíi kànrìnkàn. Bí bíríkìlà kò bá tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn sábẹ́ ilẹ̀ tó dà, tí kò sì fi ohun tí kì í jẹ́ kí omi kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní DPC, la àárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, omi á máa gun ògiri bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Àmì rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ògiri ni yóò tutù, láti ilẹ̀ dé orúnkún tàbí ìbàdí. Kì í sábà ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ á máa hù níbẹ̀, símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri á sì máa bọ́ bí iyanrìn.

Èkejì ni láti òkè. Páànù tí ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà, gọ́tà tí ewé dí, dẹ́kì tí omi òjò máa ń dúró sí lórí, gbogbo wọn ló ń dá a sílẹ̀. Àmì rẹ̀ ni àbàwọ́n bíi omi tíì lára síìlìn, tí etí rẹ̀ dúdú ju àárín lọ, tí ó sì ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn òjò. Ẹ ṣọ́ra o: ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti wọlé dandan. Ó lè tọ pákó òrùlé lọ títí kó tó kán sílẹ̀. Kápẹ́ńtà tó mọṣẹ́ kì í wo ibi tó ń kán nìkan.

Ẹ̀kẹta ni láti inú páìpù, ilé ìwẹ̀ àti sókèwé. Àmì tirẹ̀ ni pé kò mọ òjò yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú kan náà ni yóò máa tutù lọ́dún yípo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀ tàbí ilé ìdáná, tàbí lábẹ́ ilé ìwẹ̀ àwọn ará òkè bó bá jẹ́ pétéèsì. Bó bá jẹ́ omi sókèwé ni, ẹ ó mọ̀ nípa òórùn rẹ̀. Bí kànga ilé yín kò bá jìnnà sí irú sókèwé bẹ́ẹ̀, ẹ má mu omi rẹ̀ láìsè é.

Ẹ̀kẹrin ni láti ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa. Èyí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Èèyàn mẹ́rin tó sun yàrá kan, omi tí wọ́n mí jáde àti èyí tí ara wọn tú jáde láàárín òru lè tó lítà kan. Ẹni tó jó lítà kan kẹrosíìnì nínú sítóòfù, omi tó tó lítà kan ló bá a jáde gẹ́gẹ́ bí ooru. Gáàsì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó láìdé kún un, ẹ fi aṣọ tí a sá sórí okùn nínú yàrá kún un. Ibo ni gbogbo omi yẹn ń lọ nígbà tí fèrèsé wà ní títì? Ìdí búrẹ́dì inú náílọ́ọ̀nù náà là ń sọ. Àmì rẹ̀ ni ebu ní igun òkè ògiri, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí a fà mọ́ ògiri, àti lára bàtà àti báàgì tí a kì í lò.

A mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ inú yín ni ẹ fi ń ti fèrèsé. Èéfín jẹnẹrétọ̀ wà níta, eruku àti ariwo ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀fọn wà, olè sì wà. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá yọ, kódà kó jẹ́ wákàtí méjì péré, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn pọ̀ kí atẹ́gùn gba ọ̀kan wọlé kó gba èkejì jáde. Ẹ sì máa fọ nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé. Nẹ́ẹ̀tì tí eruku ti dí, bíi ti ògiri náà ló rí.

Ẹ DÁN AN WÒ FÚNRA YÍN, KÒ GBA OWÓ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú imú. Imú ẹni tó ń gbé inú yàrá ti mọ́ òórùn náà lára, kò ní í gbọ́ ọ mọ́. Ẹ ti yàrá fún ọjọ́ kan gbáko, kí ẹ sì pe ẹni tí kì í gbé ibẹ̀ kó wọlé kó sọ ibi tó ti ń gbọ́ òórùn jù. Ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù síwájú, ẹ gbé fóòmù dúró, ẹ ṣí igun kápẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán náílọ́ọ̀nù wò. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, tó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Ẹ nu ojú ògiri náà gbẹ, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí náílọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn pinpin, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà láàárín náílọ́ọ̀nù àti ògiri, inú ògiri ni omi ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ojú tó kọ sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló rù ú. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ náà kí ẹ tó ra kápẹ́ẹ̀tì tàbí táìlì lé e.

Bí ẹ bá fura sí páìpù, ẹ dúró di alẹ́ nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń fa omi, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí omi. Ẹ ti ọ̀pá gbígbẹ bọ inú tánńkì kó kan ìsàlẹ̀, ẹ sàmì síbi tí omi dé lára rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bu omi, ẹ tún ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, ẹ pe púlọ́ńbà, ẹ má pe ọlọ́dà.

OHUN TÍ ẸNÌKAN KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyin funfun kéékèèké tí à ń rà lọ́jà láti fi sáàárín aṣọ, naphthalene ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà kan tó, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa èèyàn Nàìjíríà, ọmọkùnrin ló sì ń bá jù. Bí aṣọ tó ní káńfọ̀ bá kan irú ọmọ jòjòló bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú àti ara rẹ̀ á sì máa pọ́n bí ìyeyè. Bó bá le, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì lè pa á. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ máa ń kó aṣọ àtijọ́ jáde láti fi gba ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ tó ti bá káńfọ̀ gbé inú àpótí, ẹ má fi kan ọmọ. Bí ojú ọmọ bá sì pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ má dúró de oòrùn àárọ̀, ẹ má fún un ní omi glúkóòsì.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má gbé ìkòkò ẹ̀yinná sínú yàrá títì kí ògiri lè gbẹ. Èédú tó ń jó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí í pa èèyàn lójú oorun. Irú èyí tí ń jáde nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ náà ni.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ń fi Jik fọ ebu, ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láé. Afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ògiri tó tutù bá ní súwíìṣì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì lára, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná láti ibi mítà, kí ẹ tó pe oníṣẹ́ iná. Ilé tí síìlìn rẹ̀ jẹ́ asbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ náà, ẹ má fi nǹkan ha á, ẹ má sì fọ́ ọ, nítorí eruku rẹ̀ ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró.

ONÍLÉ ÀTI AYÁLÉGBÉ, TA LÓ JẸ̀BI?

Ìjà tí ọ̀rọ̀ yìí ń dá sílẹ̀ nínú ilé kò kéré. Ayálégbé á ní, "Ilé yín ló ń jò." Onílé á ní, "Ẹ̀yin lẹ ń sá aṣọ sínú yàrá, ẹ̀yin lẹ ń dáná sínú rẹ̀." Wọn ò ní í gbà fún ara wọn, omi á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ìjà náà kò mọ ní ilẹ̀ wa. Ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọkọtaya kan láti orílẹ̀-èdè Sudan ń gbé inú ilé tí ebu kún. Bàbá náà ti ń fẹjọ́ sùn láti ọdún 2017. Wọ́n ní kó kun ọ̀dà lé e. Wọ́n tún ní bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ló fà á. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Awaab Ishak, ọmọkùnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì, kú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wádìí ikú náà sọ gbangba pé ebu inú ilé náà ló bà á ní èémí jẹ́ tó fi kú. Ariwo ta. Wọ́n ṣe òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025 fún àwọn tó ń fi ilé ìrọ̀rùn háyà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ayálégbé bá fẹjọ́ sùn nípa ọ̀rinrin àti ebu tó lè ṣe èèyàn léṣe, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni onílé ní láti wádìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ewu ojú ẹsẹ̀ ni, wákàtí 24 péré. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Peckham àti káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bá wa sọ fún wọn.

Ẹ wo ohun tó pa ọmọ yẹn: omi ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n kun ọ̀dà.

Nílé wa níhìn-ín, òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lórí ilé háyà lọ́dún 2011 gbé iṣẹ́ fún ẹni méjèèjì. Àfi bí àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe bá sọ ohun mìíràn, ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, onílé ni òfin náà ní kó máa tún un ṣe. Òrùlé àti gọ́tà kò sì lè bọ́ síta ìyẹn. Ayálégbé ni kó sì máa tọ́jú inú yàrá tó ń gbé. Nítorí náà, bí náílọ́ọ̀nù bá fi hàn pé inú ògiri lomi ti ń bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí onílé, ẹ kọ déètì sí i, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fojú ara yín rí i." Bí wọn ò bá gbọ́, iléeṣẹ́ ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre, a máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin onílé náà, ẹ rántí pé ògiri yín ni omi ń jẹ. Irin inú dẹ́kì tó bá ti ń dípẹtà a máa wú, a máa ti kọnkéré já sílẹ̀. Bí ẹ bá rí irin níhòòhò lábẹ́ dẹ́kì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́dà mọ́, ẹ pe ẹnjiníà.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

Ohun gbogbo ló ní àsìkò. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà tí ọyẹ́ àti oòrùn bá wà, ni ká fi tún òrùlé ṣe, ká kó ewé inú gọ́tà, ká sì jẹ́ kí ògiri gbẹ. Ẹni tó ń rẹ́ ògiri tútù ní oṣù kẹfà, ó ń sin òkú tí kò tíì kú.

Fún omi tó ń bọ̀ láti ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lé omi jìnnà sí ìdí ògiri. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ tó pọ̀ mọ́ ọn kúrò, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìta dà gẹ̀rẹ́ síta, kí gọ́tà sì máa ṣàn. Lẹ́yìn náà, kí bíríkìlà ha ìrẹ́ àtijọ́ kúrò títí dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lókè ibi tí omi dé, kí ẹ fi ògiri sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tún un rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé táìlì ni ọ̀nà àbáyọ. Táìlì tí a lẹ̀ mọ́ ògiri tútù, ńṣe ni yóò kàn ti omi náà lọ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé, ẹ dúró ti bíríkìlà yín lọ́jọ́ tí yóò ṣe DPC. Owó kékeré ni lọ́jọ́ yẹn. Tó bá di ọ̀la, owó ńlá ni.

Fún omi tí àwa fúnra wa ń dá sílẹ̀, ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Fóòmù tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi pákó gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ sì máa gbé e sínú oòrùn. Ẹ dé ìkòkò tó ń hó. Ẹ sá aṣọ síta.

Ebu tó ti hù, ọṣẹ àti omi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi aṣọ bo imú, kí ọmọdé kúrò nítòsí. Fóòmù àti síìlìn páálí tí ebu ti wọ inú rẹ̀, ẹ dà á nù, kò ṣe é fọ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má gbàgbé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má gbé àpò gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà lé símẹ́ńtì. Ẹ gbé wọn lé pákó, kó jìnnà sí ògiri. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu, ẹ má tà á, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára, nítorí oró kan wà nínú ebu yẹn tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì pa á. Àwọn ìyá olóbì Agége ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Wọ́n mọ̀ pé bí ewé inú apẹ̀rẹ̀ bá gbẹ jù, obì á rọ. Bó bá tutù jù, obì á jẹrà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tú u, tí wọ́n ń ṣà á, tí wọ́n ń pa ewé rẹ̀ dà. Ojú tí wọ́n fi ń wo apẹ̀rẹ̀ obì ni kí á máa fi wo ilé wa.

Bí ẹ bá ti dán náílọ́ọ̀nù yẹn wò, ẹ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà wa, kí ẹ sọ àdúgbò yín àti ohun tí ẹ rí. Ẹ̀yin bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti púlọ́ńbà tí ẹ ní ọgbọ́n tí a kò mẹ́nu bà, ẹ má fi pamọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń ka ìwé yìí. Kí ilé wa má tù wá lára kó má sì jẹ́ àìsàn fún wa, ẹ má bá òórùn jà mọ́. Omi ni kí ẹ wá lọ.